Bí a ṣe ń kun ìbòjú rọ́bà tí ọ̀dà rẹ̀ kò fi ní í ṣí

Ọ̀dà tí a fi ń kun ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ṣe é lò fún ìbòjú látẹ́ẹ̀sì, ìyẹn rọ́bà tí a fi oje igi rọ́bà ṣe. Igi kì í nà, rọ́bà ń nà. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yanu lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀dà tí kò lè bá rọ́bà nà á sán, á sì máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ọ̀dà tí rọ́bà wà nínú òun fúnra rẹ̀ là ń wá.

Ibi tí ó yẹ kí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni inú látẹ́ẹ̀sì olómi, kí a tó dà á sínú mọ́ọ̀dù. Bí ọ̀dà òkè bá wá ha kúrò lọ́jọ́ kan, àwọ̀ rọ́bà lásán kò ní í hàn. Po ṣíbí kan ọ̀dà akírílíìkì (ọ̀dà ayàwòrán tí a ń fi omi là) pẹ̀lú omi díẹ̀, kí o rò ó mọ́ ogún ṣíbí látẹ́ẹ̀sì. Má jẹ́ kí ọ̀dà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, torí rọ́bà náà á máa ya. Rò ó jẹ́jẹ́. Bí o bá lù ú bí ẹni lu ẹyin, ìfófòó á di ihò wẹ́wẹ́ lára ìbòjú. Látẹ́ẹ̀sì tútù funfun bíi wàrà, ṣùgbọ́n ó ń pọ́n bí oyin bó bá gbẹ, nítorí náà àwọ̀ inú ike á dúdú sí i. Kán díẹ̀ sórí àwo, kí o dúró kó gbẹ kí o tó gbà á gbọ́.

Bó bá dì kókó-kókó lójú ẹsẹ̀, ọ̀dà yẹn ló ní ohun kíkan nínú. Àmónía ló ń mú kí látẹ́ẹ̀sì máa ṣàn, ohun kíkan sì ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìyẹ̀fun bàbà tó ń dán bíi wúrà ńkọ́? Má dán an wò: bàbà ń jẹ rọ́bà.

Nígbà tí ìbòjú bá ti jáde, fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, ó kéré tán. Ní àsìkò òjò, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ àtíkè tí a fi yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù kúrò lára rẹ̀, kó gbẹ, kí o sì fi isopropyl alcohol (ọtí tí a fi ń nu ara kí a tó gún abẹ́rẹ́) nù ún. Ibi tí àtíkè bá kù sí ni ọ̀dà yóò ti kọ́kọ́ ṣí.

Fún kíkùn, po akírílíìkì àti látẹ́ẹ̀sì ní ọgbọọgba. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa pò ó, torí ó yára dì. Ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi ọṣẹ kó tó kan látẹ́ẹ̀sì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irun rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ títí láé.

Fi kànrìnkàn tẹ àwọ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ ọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, fi omi la àwọ̀ dúdú, kùn ún sínú ìhunjọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu àti abẹ́ ojú, kí o tètè fi àkísà nu òkè rẹ̀. Dúdú á kù sínú ìlà, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà níwájú rẹ. Parí rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí o fi àwọ̀ mímọ́lẹ̀ gba orí imú àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwọn kan ń lo gọ́ọ̀mù rọ́bà, ọmọ ìyá èyí tí fọganáísà fi ń lẹ túùbù, tí wọ́n fi náfítà, irú epo kan tó ń tètè fẹ́ lọ, là. Ó ń lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ burú, iná sì ń yára gbé e. Ìta gbangba nìkan ni, kó jìnnà sí ààrò àti jẹnẹrétọ̀.

Bó bá gbẹ, fi àtàǹpàkò méjì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ìlà funfun bá yọ, ọ̀dà ti nípọn jù tàbí látẹ́ẹ̀sì inú rẹ̀ kò tó. Bí kò bá yọ, da àtíkè sí i lára kí o tó ká a, torí rọ́bà ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà, ojú méjì tó bá sì lẹ̀ pọ̀ á bọ́ ara wọn láwọ̀.

Fi bébà kún inú rẹ̀, kó má sì rí oòrùn. Òróró àti fasilín kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tí bàlúùnù tàbí ìbọ̀wọ́ rọ́bà bá ń yún lára kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rárá.