Ewé Àárò: Bí A Ṣe Lè Fi Ìmọ̀ Ìṣègùn Ṣáínà àti Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Jáwọ́ Nínú Sìgá

Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ìgbàanì sọ tábà ni xiangsi cao, èyí tí a lè túmọ̀ sí ewé àárò, nítorí pé bí àárò olólùfẹ́ ṣe ń sọ ènìyàn náà ni àárò ewé yìí ṣe máa ń sọ ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n mu. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ nípa nikotíìnì rí, ìyẹn èròjà inú tábà tó ń sọ ọ́ di bárakú, nítorí ọdún 1828 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Posselt àti Reimann, yọ ọ́ jáde lára ewé tábà ní ìlú Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì. Síbẹ̀, orúkọ náà fi hàn pé wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, tí etí rẹ̀ sì ti kún fún ọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àti àgbo àwọn ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí òun yóò ti dì í mú. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé nǹkan méjì ló wà nínú sìgá kan ṣoṣo: iná àti àárò. Èéfín ló ni iná, nikotíìnì ló ni àárò. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà mọ bí a ṣe ń ka àmì méjèèjì lára ènìyàn, ẹ̀kọ́ yẹn sì wúlò títí di òní; ṣùgbọ́n tó bá di oògùn àárò, ọ̀dọ̀ sáyẹ́ǹsì ni kí ẹ lọ.

Kíka àmì iná

Ní apá ìparí ìjọba ìdílé Ming ni tábà wọ Ṣáínà, láti Luzon ní ilẹ̀ Philippines wá sí Fujian. Oníṣègùn Zhang Jiebin, tó gbé ayé láti ọdún 1563 sí 1640, kọ̀wé pé wọn kò gbọ́ orúkọ ewé náà láyé àtijọ́. Ó ròyìn àwọn ọmọ ogun tí wọ́n rán lọ sí Yunnan, níbi tí àìsàn inú afẹ́fẹ́ burúkú ti kọ lu gbogbo wọn àfi àgọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ará àgọ́ náà léèrè ohun tí wọ́n ń lò, tábà ni gbogbo wọn ń mu. Ó ní adùn ewé náà jẹ́ xin, ìyẹn adùn tó ń ta ni lẹ́nu bí ata àti atalẹ̀. Ó ní yang gidi ni, ìyẹn agbára tó gbóná, tó ń rìn, tó sì ń tú nǹkan ká, tí ó yàtọ̀ sí yin tó tutù tó sì lọ́rinrin. Nítorí náà, ó gbà á láàyè fún ẹni tí òtútù àti ọ̀rinrin ti dì sí lára, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kò yẹ ẹni tí iná pọ̀ lára rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, kò sì yẹ ẹni tí èémí rẹ̀ kúrú tó ń làágùn ṣáá. Àwọn tó tẹ̀ lé e le jù ú lọ. Ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, Wu Yiluo kọ ọ́ pé iná èéfín náà ń jó ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ tán, ó sì ń gé ọjọ́ ayé kúrú, tí ẹni tó ń mu ún kò ní fura.

Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n gbà pé iná náà kọ́kọ́ ń bà. Wọ́n ń pe ẹ̀dọ̀fóró ní ẹ̀yà ara ẹlẹgẹ́, tí ọ̀gbẹ máa ń tètè pa lára, nítorí náà ọ̀fun gbígbẹ, ikọ́ òwúrọ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ jẹ́ àmì pé èéfín ti gbẹ omi inú rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì kò sọ̀rọ̀ yin, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló fọwọ́ lé. Irun tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú ọ̀nà èémí wa tó máa ń gbá ìdọ̀tí àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè. Èéfín a máa rọ wọ́n lọ́wọ́ rọ wọ́n lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sán, wọ́n a wá máa jí díẹ̀díẹ̀ lóru, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi ń dúró de amusìgá lórí ibùsùn. Èròjà tó lé ní ẹgbẹ̀rún méje ló wà nínú èéfín yẹn, ó kéré tán bí àádọ́rin nínú wọn ló lè fa jẹjẹrẹ. Nikotíìnì fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wo ara yín. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó fọ ẹnu àti kí ẹ tó mu tíì, ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti ń wọlé, kí ẹ na ahọ́n síta. Ẹran ahọ́n fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò: ṣé ó pupa ju bó ṣe yẹ lọ, ṣé ó gbẹ, ṣé ó là? Ẹ má gbára lé àwọ̀ ohun tó bo orí rẹ̀, nítorí sìgá àti kọfí a máa pa ahọ́n láró, oníṣègùn tó mọṣẹ́ pàápàá a máa ṣọ́ra fún èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ níhà àtàǹpàkò bí àwọn oníṣègùn Ṣáínà ti ń ṣe, kí ẹ sì ka ìlù ọkàn yín fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mu sìgá tí ẹ sábà máa ń mu, ẹ kọ́kọ́ fi orí ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá mu ún tán, ẹ tún fi kàn án. Ó ṣeé ṣe kí ìka náà ti tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbí ni Zhang àti sáyẹ́ǹsì ti pínyà: òun rò pé ewé náà ń lé òtútù lọ, nítorí ooru ni ọ̀fun àti àyà ń mọ̀ lára, ṣùgbọ́n ohun tí nikotíìnì ń ṣe ni pé ó ń mú kí ara tú adrenaline jáde, ọkàn a máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a gòkè, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké abẹ́ awọ ara a sì fún, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé orí ìka bó ṣe yẹ.

Wíwọn àárò

Tí ènìyàn bá fa èéfín sínú, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí ogún lọ tí nikotíìnì fi ń dé ọpọlọ. Ibẹ̀ ni yóò ti jókòó sí ibi tí ara dá fún èròjà tirẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní acetylcholine, bí àlejò tó rí àga onílé tó sì gùnwà sí i, yóò sì mú kí dopamine, èròjà ìdùnnú, tú jáde. Bí ènìyàn bá ti ń mu ún lójoojúmọ́, ọpọlọ yóò máa fi àga kún àga. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì nikotíìnì náà ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn àga ṣófo, ìbínú kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Ìṣègùn Ṣáínà ní tirẹ̀ di ẹ̀bi ìbínú yìí ru ẹ̀dọ̀. Wọ́n gbà pé ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ́ kí qi, ìyẹn agbára èémí tó ń ṣàn nínú ara, máa lọ geerege. Bí qi bá há, àyà á fún, ènìyàn á máa mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré á máa bí i nínú. Ohun tó bá ta lẹ́nu ló ń tú qi tó há ká, nítorí náà wọ́n mọ ìdí tí sìgá fi ń dà bí ẹni pé ó ń tu ni lára. Àpèjúwe náà bá ohun tí amusìgá ń ní lára mu gan-an, àmọ́ kò sọ ẹni tó há qi náà mọ́lẹ̀. Sìgá àná ló há a. Ìtura tí ti òwúrọ̀ yìí ń mú wá kò ju gbèsè tí a fi owó èlé san lọ.

Bí ẹ ṣe máa wọn àárò tiyín kò le. Ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá lajú, kí ẹ tún wò ó nígbà tí ẹ bá ṣáná sí sìgá àkọ́kọ́. Bí kò bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bárakú náà le. Bó bá jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó le gan-an, kí ẹ má sì gbìyànjú láti fi ọkàn líle nìkan bá a jà. Ẹ kọ èyí náà sínú ìwé, pẹ̀lú iye sìgá tí ẹ ń mu lóòjọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá dá

Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ sì pa iná lọ́jọ́ náà pátápátá, ṣùgbọ́n kí ẹ máa bọ́ àárò fún ìgbà díẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ nikotíìnì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara bí pílásítà tàbí tí a ń jẹ bí ṣingọ́ọ̀mù. Aboyún, ẹni tí àrùn ọkàn ń bá jà àti ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó ń mu ju sìgá mẹ́wàá lọ lóòjọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pílásítà 21 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yóò bọ́ sí 14 mg fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò sì fi 7 mg parí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Orí awọ tó mọ́, tó gbẹ, tí kò nírun ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ pààrọ̀ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àlá bá ń dà yín láàmú lóru, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó sùn.

Ní ti ṣingọ́ọ̀mù, 4 mg ló wà fún ẹni tó ń mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jí, 2 mg fún ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé, wọ́n a gbé gbogbo nikotíìnì náà mì, inú a máa rú wọn. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ta yín lẹ́nu bí ata. Ìyẹn ni xin tí Zhang sọ, ewé náà fúnra rẹ̀ láìsí iná. Tó bá ti ta, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má mu kọfí tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú rẹ̀, nítorí ohun tó kan kì í jẹ́ kí ẹnu gba nikotíìnì.

Kọfí tún ní ẹjọ́ mìíràn. Èéfín sìgá a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ èròjà tó wà nínú kọfí. Tí èéfín bá dáwọ́ dúró, ife kan náà lè wá ṣiṣẹ́ bí ife méjì, tí ènìyàn á sì rò pé àìrórunsùn tó ń ṣe òun, sìgá tí òun fi sílẹ̀ ló fà á. Ẹ dín kọfí yín kù sí ìdajì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń lo clozapine, olanzapine tàbí theophylline gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun fẹ́ jáwọ́, nítorí nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oògùn wọ̀nyẹn, ewu tirẹ̀ sì ju àìrórunsùn lọ.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Bí àárò bá dé, kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kó tó kọjá. Zhang ní kí ẹni tí èéfín bá pa bí ọtí mu omi tútù ẹnu kan. Mo gba yín nímọ̀ràn láti yá ìmọ̀ràn rẹ̀ lò: ẹ mu omi tútù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ mí kanlẹ̀ nígbà mẹ́wàá, nítorí èémí gígùn yẹn wà lára ohun tí sìgá máa ń fún yín.

Abẹ́rẹ́ àti àgbo

Ní ọdún 1972, dókítà oníṣẹ́ abẹ H. L. Wen ní Hong Kong ṣàkíyèsí pé abẹ́rẹ́ tí òun fi ń gún aláìsàn ń dín ìnira ẹni tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró opium kù. Ilé ìwòsàn Lincoln ní Bronx, nílùú New York, mú un lò fún bárakú oògùn olóró, láti ibẹ̀ sì ni ojú ibi márùn-ún tí wọ́n ń gún lára etí ti tàn kálẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi pílásítà lẹ kóró dúdú wínníwínní mọ́ etí, kí ènìyàn máa tẹ̀ ẹ́ bí àárò bá dé. Nígbà tí àwọn olùṣàyẹ̀wò Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó àwọn ìdánwò jọ ní ọdún 2014, wọ́n rí i pé ó lè ranni lọ́wọ́ fún ìgbà kúkúrú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé ó ń mú ènìyàn jáwọ́ títí lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó ń lo abẹ́rẹ́ tuntun tó mọ́, ẹ lè fi kún pílásítà nikotíìnì. Ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Ti àgbo ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ líle mú. Tíì òdòdó ju hua kò ní ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nǹkan kan, ó sì ń tu ọ̀fun gbígbẹ lára. Ṣùgbọ́n èso kan wà tí wọ́n ń pè ní ma dou ling, tí wọ́n ti fi ń wo ikọ́ ẹ̀dọ̀fóró gbígbóná láti ayébáyé. Aristolochic acid wà nínú rẹ̀, ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Àgbo ẹ̀dọ̀fóró tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára páálí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ tó bọ́ sí 14 mg, ẹ tún ṣí ìwé kékeré yẹn, kí ẹ wo ahọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí ẹ fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì kọ iye tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì mu sìgá kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ẹ kọ ọjọ́ náà, wákàtí náà àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì lẹ pílásítà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.