Bí mo ṣe gbé máàpù àtijọ́ Canyon de Chelly lé ti òde òní

Mo fẹ́ mọ bí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ya máàpù ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, ní Arizona ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orí topoView, ìkànnì tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù, kó àwọn máàpù rẹ̀ àtijọ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo lọ. Mo yan máàpù tó pẹ́ jù níbẹ̀ fún Canyon de Chelly, àfonífojì kan ní ilẹ̀ náà, mo tún mú ti òde òní tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:24,000. Nínú irú fáìlì tó wà níbẹ̀, ẹ gba GeoTIFF, ẹ fi JPEG sílẹ̀. GeoTIFF ti gbé àmì ipò rẹ̀ lọ́wọ́, QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to máàpù léra, á fi í sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo gbé ti àtijọ́ sókè, mo sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ lè hàn. Ibi tí Canyon del Muerto, ẹ̀ka àfonífojì náà, ti pàdé Canyon de Chelly ni mo kọ́kọ́ fi wò ó bóyá méjèèjì ṣe déédéé.

Lẹ́yìn náà ni mo sún mọ́ Spider Rock, òpó òkúta tó dá dúró nínú àfonífojì náà, tó ga ju 700 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Lórí máàpù tuntun, ìlà kọ́ńtọ̀, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, há mọ́ ọn pinpin. Lórí ti àtijọ́, kò sí. Ìwọ̀n máàpù àtijọ́ náà ni 1:250,000: íǹṣì kan dúró fún nǹkan bíi máìlì 4, nítorí náà òpó yẹn kò lè ju ojú ṣóńṣó pẹ́ńsù lọ. Ìyàtọ̀ gíga láàárín ìlà kọ́ńtọ̀ kan àti èkejì níbẹ̀ kò sì dín ní 200 ẹsẹ̀ bàtà.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe yà á? Ìbaaka ló ń ru ẹrù. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á na ojú sí àwọn òkè mìíràn, wọ́n á fi igun mẹ́ta ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ohun tó wà láàárín, ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń yọ gíga inú kọ́ńtọ̀ àtijọ́ kúrò nínú ti tuntun, tí wọ́n á wo ìyàtọ̀ tó kù, tí wọ́n á ní àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ lọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àti orúkọ ibi ni mo kó nínú rẹ̀, mo yà wọ́n sí abala tiwọn.

Ilẹ̀ Navajo ni gbogbo ibẹ̀ títí dòní, bí ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ di ibi ìrántí tí ìjọba ń dáàbò bò ní 1931. Àwọn ìdílé ṣì ń dáko nísàlẹ̀ àfonífojì náà. Kí n tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo pa àmì ilé wọn rẹ́.