Bí a ṣe ń bi ará ìlú mìíràn ní ìbéèrè láì bí i nínú

Bídà ní ìpínlẹ̀ Niger ni mo ti sin ilẹ̀ bàbá mi, nínú ètò àgùnbánirọ̀ tí ìjọba Gowon dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, nígbà tí ogun abẹ́lé ti parí láti ọdún 1970, kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí lè mọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ lọ ni kò mọ̀ ju ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ títí ọdún fi parí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ o, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń béèrè ni wọn kò mọ̀.

Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ tọ́ sọ́nà. Tápà ni àwa Yorùbá ń pe àwọn ará Bídà, ṣùgbọ́n Nupe ni wọ́n ń pe ara wọn, ohun tí wọ́n sì ń pe ara wọn ni kí o pè wọ́n. Lẹ́yìn èyí, kọ́ ìkíni mẹ́ta: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, àti èyí tí a fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọdé inú agbo ilé yóò kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Èdè Haúsá tó fún ọjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í fi í rọ́pò, nítorí ẹni tí a bá fi èdè ìyá rẹ̀ kí máa ń fojú fo àṣìṣe tó bá tẹ̀ lé e.

Wá ẹnì kan tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ a máa fún ojú ní ibi tí yóò máa wò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán. Àwọn Masaga tí ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà dígí ni mo yàn. Ìgò òfìfo ni wọ́n ń yọ́ nínú ìléru amọ̀. Ẹnì kan ń fẹ́ ewìrì, àwọn yòókù sì ń fi ọ̀pá irin fa dígí nínú iná. Má ṣe lọ ní ọ̀sán Jímọ̀.

Ìbéèrè gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹnìkan tí a jọ lọ bi bàbá tó ni ìléru náà pé, “Kí ló dé tí ẹ ṣì ń fi ọwọ́ fẹ́ ewìrì? Ṣé kò sí ẹ̀rọ ni?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dáhùn ní gbólóhùn kan, ó sì kọjú sí iná rẹ̀. “Kí ló dé” ni a fi ń bá ọmọ tó fọ́ àwo wí. Èdè yòówù tí o bá túmọ̀ rẹ̀ sí, ẹ̀sùn ni etí àgbàlagbà yóò gbọ́. Fi “báwo” tàbí “ta ló kọ́ yín” rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó yí kàn mí, mo béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé dígí ti yọ́ tó. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọ̀pá sókè kí n lè rí i bí dígí náà ṣe ń fà bí oyin.

Tí ìdáhùn bá dé, ìgbà náà ni ewu tó pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀, nítorí ahọ́n yóò máa yún ọ láti sọ pé “lọ́dọ̀ tiwa.” Gbé e mì. Èmi a máa ka ení títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn mi kí n tó tún la ẹnu. Ẹni tó bá sọ “lọ́dọ̀ tiwa” lẹ́ẹ̀mejì ti sọ àbẹ̀wò di ìdíje, mo sì ti rí i tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń padà sílé ní ìbínú, tó ń sọ pé ará ìlú náà kò lọ́yàyà.

Tí ẹnìkan bá ń ṣe ògbufọ̀, ojú bàbá ni kí o máa wò, má ṣe wo ògbufọ̀. Fi fóònù sínú àpò. Ilé ni mo ti máa ń kọ ohun tí mo gbọ́ sínú ìwé aláwẹ́ 40, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Dípò owó tàbí ẹ̀bùn ńlá, ra ẹ̀gbà kan lọ́wọ́ wọn, kí o má sì ná ọjà náà jù.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, padà lọ láìní ìbéèrè kankan lẹ́nu. Ní ìgbà kẹrin tí mo lọ, bàbá ló bi mí pé, “Ní ìlú tìrẹ, ta ló ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀?” Ìgbà náà ni mo tó mẹ́nu ba Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn ará àtijọ́ fi ń yọ́ dígí. Bàbá ní kí wọ́n dá ewìrì dúró, ó sì fi ọwọ́ gbọn eruku orí àpótí kan, ó ní kí n jókòó.