Bí a ṣe ń tọ́jú OCD láìfọwọ́ kan ìgbàgbọ́ aláìsàn

Ẹni tí OCD, àìsàn ọkàn tí èrò tí kì í lọ ti ń mú èèyàn ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, ń bá fínra lè mọ̀ pé èrò tó ń dà á láàmú kò bọ́gbọ́n mu, síbẹ̀ kó má lè ṣe kó má tún ọwọ́ fọ̀, kó má tún àdúrà gbà, kó má padà lọ wo ilẹ̀kùn tó ti tì. Bí èyí bá ń gbà ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, tàbí tó ń dí iṣẹ́ àti ilé lọ́wọ́, ó ti di ohun tí à ń tọ́jú. Ibi tó ti máa ń le fún onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ni ìgbà tí àṣetúnṣe náà bá gba ọ̀nà ẹ̀sìn yọ. Àwọn kan á ka ìgbàgbọ́ mọ́ àìsàn. Àwọn mìíràn á bẹ̀rù ohunkóhun tó bá kan Ọlọ́run, wọn á sì fi àìsàn náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìwé DSM-5, tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọkàn mọ̀, tó jáde ní 2013, ní ìbéèrè 16 fún irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí. Bí àyè kò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ má fo ìwọ̀nyí: kí ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń pe ìṣòro náà? Kí ló gbà pé ó fà á? Ta ló ti lọ bá kó tó wá sọ́dọ̀ yín? Bó bá ní èṣù ló ń sọ ọ̀rọ̀ òdì sí òun lọ́kàn, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Bó bá nílò ògbufọ̀, ẹ má lo ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀, torí kò ní lè sọ èrò tó ń tì í lójú jù lọ níṣojú wọn.

Ẹ fi Y-BOCS, ìwé ìbéèrè tí a fi ń díwọ̀n OCD, wọn bó ṣe le tó: ìbéèrè 10, máàkì 0 sí 40. Bó bá ti di 24, ó ti le gan-an.

Ẹ wo àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó pọ̀ jù tí à ń fọ ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fọ apá kan náà nígbà 20 títí àkókò ìrun fi kọjá, ìbẹ̀rù ló ń darí rẹ̀, torí ìrun tó tìtorí rẹ̀ fọ̀ ọ́ gan-an ló pàdánù. Bó bá gbà fún yín, ẹ bi ìmáàmù tó fọkàn tán léèrè ìwọ̀n tó tó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ sọ pé iyèméjì kì í lé ìdánilójú kúrò. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi í. Bí aláìsàn bá ń padà lọ béèrè, ìbéèrè náà ti di àṣetúnṣe tuntun.

Ìtọ́jú tó múná dóko jù ni pé kó dojú kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kó má sì ṣe àṣetúnṣe. Ìpàdé 12 sí 20 ló sábà máa ń gbà, ìṣẹ́jú 60 sí 90 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ to nǹkan 10 sí 15 láti 0 dé 100 bí ẹ̀rù wọn ṣe tó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 40. Ó lè fọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kó pa ẹ̀rọ omi, kó dìde kírun, kó sì sọ pé: “Ó lè jẹ́ pé mo fo ibì kan; mi ò ní padà.” Ẹ má ní kó kírun láìṣe àlùwàlá, ẹ má sì ní kó tàbùkù sí ìwé mímọ́. Ohun tí à ń kọ́ ọ ni bó ṣe máa gbé pẹ̀lú iyèméjì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó pọn dandan fún ìyẹn.

Bí ẹ̀rù rẹ̀ bá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 1, ẹ béèrè ohun tó ṣe nínú ọkàn rẹ̀. Ó lè ti gbàdúrà ìdáríjì wúyẹ́wúyẹ́, tàbí kó ti ka nǹkan, ìdojúkọ náà á sì ti já sásán. Àwọn ará ilé náà ń dá kún un: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá “Ṣé ó mọ́?” lóhùn, wọ́n ń bọ́ àìsàn náà. Ẹ pe àgbà tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu wá ní ìpàdé kejì tàbí ìkẹta, bí aláìsàn bá gbà, kí gbogbo wọn fẹnu kò sí ìdáhùn kan: “A ti gbà pé a ò ní dáhùn ìyẹn.”

Bó bá le jù, dókítà lè fi oògùn bíi sertraline tàbí fluoxetine kún un. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, aláìsàn kò sì gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró lójijì.

Àkókò àwẹ̀ àti ọdún ni àṣetúnṣe ẹ̀sìn sábà máa ń padà. Kó tó dé, ẹ kọ ìwọ̀n àlùwàlá àti àdúrà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì fi Y-BOCS wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀.