Bí a ṣe ń tọ́jú omi RO fún àpótí ẹja

Omi tó ti gba inú ẹ̀rọ RO (tó ń fi agbára ti omi gba awọ tín-ínrín kọjá) àti DI (resini, ìyẹn hóró ike kéékèèké tó ń fa iyọ̀ tó kù) kọjá kò ní iyọ̀ nínú mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń yára fa ohun tó bá kàn mọ́ra. Kó o síbi tí kò dáa, ìdọ̀tí ibẹ̀ yóò bá a dé ọ̀dọ̀ ẹja.

Kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tuntun, ike HDPE tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, ni kí ẹ rà. Ẹ ó rí 2 nínú àmì onígun mẹ́ta nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì náà nìkan kò sọ pé ó yẹ fún oúnjẹ, ẹ béèrè. Dúrọ́ọ̀mù búlúù àlòkù ti lè gbé kẹ́míkà rí. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá ló dára, kí ọbẹ̀dò má baà hù. Kí táàpù jẹ́ ike: bàbà wà nínú idẹ, bàbà bíńtín sì ti tó láti pa edé àti ìgbín omi.

Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ rárá. Ẹ po jíìkì tí kò ní òórùn dídùn, 5 ml sí lítà omi kan, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣan án léraléra, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ gbẹ títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Nígbà tó dúró, iyọ̀ ti rọra gba ara membrane, awọ tín-ínrín inú RO, bọ́ sí ìhà omi tó mọ́, nítorí náà ẹ da omi ìṣẹ́jú 3 sí 5 àkọ́kọ́ nù kó tó dé ọ̀dọ̀ DI. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo ìgbà tó bá padà tan ni ẹ ó tún dà á nù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, resini DI yóò tètè kú. Ẹ fi mítà TDS (tó ń wọn iyọ̀ àti nǹkan mìíràn tó yòrò sínú omi) wọn omi inú dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀: 0 tàbí 1 ló yẹ. Tó bá di 10 lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nǹkan ti wọ̀ ọ́, ẹ dà á nù. pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) tó sọ̀kalẹ̀ sí 6 tàbí 5.5 kì í ṣe àìsàn, gáàsì CO2 inú afẹ́fẹ́ ló fà á.

Lítà 100 wúwo tó kílò 100, ilẹ̀ ni kó wà. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdérí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí omi sì lè máa jáde dáadáa lẹ́nu táàpù, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹ̀fọn. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́n fílíìtì, kó kọ́kọ́ gbé dúrọ́ọ̀mù jáde, oògùn yẹn ń pa ẹja kíákíá. Ẹ kọ “OMI ẸJA” sí i lára gàdàgbà; ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹ má da èròjà mínírà sínú omi tí ẹ ń kó pamọ́, mítà kò ní lè sọ fún yín mọ́ bóyá ó ti bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni kí ẹ bu èyí tó tó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ po mínírà sí i (GH, ìyẹn ìwọ̀n kálísíọ́ọ̀mù àti magnésíọ́ọ̀mù inú omi, 6 sí 8 fún edé Neocaridina), kí ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rú u fún wákàtí kan, kí ìgbóná rẹ̀ má sì fi ju 2°C yàtọ̀ sí ti inú àpótí.