Adìẹ tuntun dé, àwọn onílé ò gbà wọ́n: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni àwọn tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé ní Ìlọrin àti láwọn ìlú Gúúsù Kwara ti ń bi mí ní ọ̀rọ̀ kan náà lóríṣiríṣi. Mo kó díẹ̀ jọ síbí.

Ìbéèrè (Ọ̀fà): Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Adìẹ 6 ni mo ní tẹ́lẹ̀, mo wá ra 3 kún un lánàá. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n ti fi ẹnu sọ ọ̀kan lórí títí ogbe rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé kí n dá wọn padà ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dá wọn padà. Ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kúrò láàárín wọn kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Bí adìẹ bá ti rí ohun pupa lára adìẹ mìíràn, kò ní yéé sọ ọ́. Gbogbo wọn lè ya bò ó títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú egbò náà, kó má sì padà sáàárín wọn títí yóò fi gbẹ.

Ní ti ìjà fúnra rẹ̀, adìẹ mọ àgbà láàárín ara wọn. Wọ́n mọ ẹni tó ń kọ́kọ́ jẹun, wọ́n mọ ẹni tó ń wọ̀ sórí igi tó ga jù lálẹ́. Bí àlejò bá dé, wọ́n á tún gbogbo ipò yẹn tò, ó sì sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ kan ni adìẹ àlejò fi ń dúró. Bí ẹ bá jókòó wò wọ́n láàárọ̀, àlejò á fara ti ògiri, á ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ìyẹ́, á na ọrùn sókè, kò sì ní sún mọ́ oúnjẹ títí àwọn onílé á fi yó. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá jọ wà pọ̀, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ àti omi sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ, tó jìnnà síra.

Ṣùgbọ́n ìyá mi, “lánàá” tí ẹ kọ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò níbẹ̀ lónìí. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìdáhùn tó tẹ̀lé e.

Ìbéèrè (Ìlọrin): Wọ́n ní kí n ya adìẹ tuntun sọ́tọ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà, níbo ni mo ti fẹ́ rí àyè? Ara wọn ṣáà dá ṣáṣá.

Ìdáhùn: Ara adìẹ 4 tí èmi náà rà nínú ọyẹ́ lọ́dún kan dá ṣáṣá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo rà wọ́n ni mo dà wọ́n mọ́ 17 tó wà nílé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn tuntun sorí kọ́, ó ń yàgbẹ́ tó dà bí omi ewé. Lọ́jọ́ kẹjọ, àgbébọ̀ mi kan tó ti pamọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta ń yí orí káàkiri. Ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, àgbàdo wà níwájú rẹ̀, ó ń sọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí ẹyọ kan ṣà. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, méjì péré ló kù nínú 21. Lùkúlùkú ni. Ìjà kò pa ìkankan nínú wọn.

Àrùn yìí lè wà lára adìẹ fún ọjọ́ 2 sí 15 kó tó hàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ 3 fi jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù. 4 ni èmi ń lò. Àyè tí ẹ nílò kò ju àgò ńlá kan lọ, lábẹ́ igi tàbí lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tó bá jìnnà jù sí ilé àwọn ti tẹ́lẹ̀. Abọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ láràárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò, kí ẹ sì fọwọ́, kí ẹ pààrọ̀ bàtà kí ẹ tó padà. Láàárín àsìkò yẹn, ẹ máa ṣí ìyẹ́ abẹ́ apá àti ìdí wọn wò bóyá iná, ìyẹn kòkòrò ara adìẹ, wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ da eérú gbígbẹ mọ́ iyanrìn kí wọ́n máa yíra nínú rẹ̀.

Ẹ fún tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ ní òògùn àjẹsára lùkúlùkú, èyí tí wọ́n ń pè ní LaSota, nígbà tí ara wọn ṣì le. Ẹ ṣe é ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa dàpọ̀. Ìgò kan sábà máa ń ju adìẹ ilé kan lọ, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti pò ó tán, kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi wákàtí 2 lọ. Ẹ pe àwọn aládùúgbò kí ẹ jọ rà á. Inú yìnyín ni kí ẹ gbé e wálé. Omi kànga ni kí ẹ fi pò ó fún wọn mu, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ máa ń pa á. Ẹ gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì ṣáájú, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n.

Ìbéèrè (Òmù-Àrán): Ọ̀sẹ̀ 4 ti pé, ara wọn le. Báwo ni mo ṣe máa dà wọ́n pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú sùúrù. Ẹ gbé àgò wọn sínú ọgbà àwọn ti tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa rí ara wọn láìfọwọ́kàn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán tí gbogbo wọn ti wọ̀, ẹ gbé àwọn tuntun sórí igi láàárín wọn. Kí ẹ ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú oúnjẹ níbi mẹ́ta. Èmi máa ń so ìdì tẹ̀tẹ̀ kọ́ sókè díẹ̀, kí ẹnu wọn lè rí nǹkan ṣe. Ẹ gbé pákó fara ti ògiri kí àlejò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ibi tí kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ á di pàkúté fún un. Ẹ má fi ẹyọ kan ṣoṣo sáàárín wọn láé.

Bí ọ̀kan bá wà tí kò jáwọ́ nínú lílu àwọn yòókù, òun ni kí ẹ mú kúrò fún ọjọ́ 4 tàbí 5, ẹ má mú èyí tí wọ́n ń lù. Nígbà tó bá padà dé, òun náà á ti di àlejò. Mi ò fara mọ́ gígé ẹnu adìẹ nítorí èyí.

Ìbéèrè (Àjàṣẹ́-Ìpo): Adìẹ mi tó jẹ́ irú Noiler pé ọ̀sẹ̀ 8. Ṣé wọ́n lè wọ àárín àwọn tó ń yé?

Ìdáhùn: Ó ti yá jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tó bí ọ̀sẹ̀ 16, kí ara wọn tó ti àwọn àgbà. Oúnjẹ àwọn tó ń yé ní kálísíọ̀mù púpọ̀, ó sì máa ń ba kíndìnrín adìẹ kékeré jẹ́. Bó bá di dandan kí wọ́n jọ máa jẹun, oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà ni kí ẹ fún gbogbo wọn, kí ẹ gún èèpo ẹyin tí ẹ ti yan sínú abọ́ mìíràn. Àwọn tó ń yé á lọ jẹ ẹ́ fúnra wọn.

Ìbéèrè (Ìlọrin): Láti ìgbà tí mo ti dà wọ́n pọ̀, ẹyin já wálẹ̀.

Ìdáhùn: Ìpayà ni. Á padà bí wọ́n bá ti mọwọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń ya ẹnu mí tàbí tí ọrùn ń lọ́, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ sin èyí tó bá kú sínú ilẹ̀ jíjìn, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Ẹ má sì torí pé ẹ kò fẹ́ kí ìyókù kú mọ́ yín lọ́wọ́ gbé wọn lọ sọ́jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn 4 tí mo rà ṣe dé ọjà.