Gbọn Ọ̀rá Náà Wò: Bí A Ṣe Ń Ṣa Ẹ̀fọ́ Dídì Tó Dáa Ní Súpámákẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ ìkómọ ọmọ àbúrò mi ni mo kọ́gbọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n se fúráìdì ráìsì. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sáré wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kan, mo kó ọ̀rá mixed vegetable mẹ́rin, mo sanwó, mo jáde. N ò tilẹ̀ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ mọ́, mo ní kí n tú u, àfi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ọmọ odó ni mo fi ń gbá a lórí sìmẹ́ǹtì ilé ìdáná kó tó fọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti yọ́: gíríìn píìsì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, káróòtì ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù, omi tó ń jáde lára wọn sì ń kan fẹ́ẹ́rẹ́. Mo dà á nù. Àlùbọ́sà àti ata rodo ló kún ìrẹsì ọjọ́ náà. Àwọn àlejò jẹ ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìyá mi wò mí.

Àwọn tó ṣe ẹ̀fọ́ yẹn kò jẹ̀bi. Ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́: ó yọ́ níbì kan, wọ́n wá jẹ́ kó tún dì. Òtútù la máa ń rà nínú fíríìsà, ẹ̀fọ́ kàn wà nínú rẹ̀ ni. Bí òtútù náà bá já lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ilé iṣẹ́ àti ọwọ́ yín, kò sí orúkọ ńlá tó lè gba ẹ̀fọ́ náà là. Ọwọ́, etí àti ojú yín lè sọ fún yín bóyá ó ti já.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ ṣí fíríìsà yín, kí ẹ wò ó bóyá àyè wà níbẹ̀. Ẹ mú kúlà dání. Bí kò bá sí, ìwé ìròyìn àtijọ́ mélòó kan tí ẹ ó fi wé ọ̀rá náà á ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọ́ dídì ni kó kẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ ó mú. Ọṣẹ, ìrẹsì, mílíìkì, ẹ kó gbogbo ìyẹn tán kí ẹ tó dé ìdí fíríìsà. Ẹni tó kọ́kọ́ mú gíríìn píìsì, tó wá lọ ń yẹ bàtà wò fún wákàtí kan, òun fúnra rẹ̀ ló yọ́ ọ.

Ẹ wo fíríìsà kí ẹ tó wo ọ̀rá

-18°C, ìyẹn 18 nísàlẹ̀ òdo, ni òtútù tó yẹ kí ẹ̀fọ́ dídì máa gbé. Ọ̀pọ̀ fíríìsà ńlá ló ní tẹmọ́mítà lára tàbí nọ́ńbà tó ń tàn lókè. Ẹ kà á. Bó bá jẹ́ -18 tàbí -20, ó dáa. Bó bá jẹ́ -8, ẹ yáa máa bá tiyín lọ. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú, bóyá omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo àwọn páálí tó wà nínú rẹ̀: páálí tó ti rin rí, tó tún gbẹ, máa ń wú, àmì omi á sì wà lára rẹ̀ bíi ti àjà ilé tó ń jò.

Nílé wa níbí, a ò lè sọ ọ̀rọ̀ fíríìsà ká má sọ ti iná. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn lálẹ́, wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀, nítorí owó dísẹ́ẹ̀lì. Mi ò bá wọn jà. Fíríìsà tó kún dáadáa, tó ní ìdérí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí, lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24. Torí náà, òru kan tí kò síná kò tíì pa ẹ̀fọ́. Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni fíríìsà tí ọjà inú rẹ̀ ò ju ọ̀rá mẹ́ta mẹ́rin lọ, tí gbogbo ènìyàn ń ṣí, tí ń pa. Èmi kì í bi ọ̀gá wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó ń to ọjà ni mo máa ń kí pé ẹ kú iṣẹ́ o, màá wá béèrè wẹ́rẹ́ pé, “Bọ̀dá, ẹ níná lánàá báyìí?” Wọ́n á sọ òótọ́. Nígbà míì wọ́n á tilẹ̀ kìlọ̀ fún ẹ pé kó o má mú ti ìhà ibí, kó o mú ti ọ̀hún.

Bí fíríìsà náà kò bá ní ìdérí, ẹ máa rí ilà kan lára ògiri rẹ̀ nínú. Ọjà kò gbọdọ̀ ga ju ilà yẹn lọ, nítorí òtútù kò dé òkè ibẹ̀. Ẹ fi tòkè sílẹ̀, kí ẹ ki ọwọ́ bọ àárín. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá o: ibẹ̀ ni àwọn tó ti pẹ́ jù máa ń sùn sí.

Ẹ wá gbọ̀n ọ́n

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ di ọ̀rá náà mú ní ìgun méjèèjì, kí ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́bàá etí. Ẹ̀fọ́ tí kò tíì yọ́ rí máa ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Hóró píìsì kọ̀ọ̀kan dá dúró, káróòtì dá dúró, wọ́n ń sáré kọjá lára ara wọn. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n tí kò fọhùn, tó kàn wúwo lọ́wọ́ bíi bíríkì, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.

Ohun tó fà á rèé. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ bọ ẹ̀fọ́ náà nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń bọ tẹ̀tẹ̀, kí àwọ̀ àti adùn rẹ̀ má bàa máa ṣá nínú òtútù. Wọ́n á wá tú u ká, afẹ́fẹ́ tó tutù gan-an á fẹ́ sí i, hóró kọ̀ọ̀kan á sì dì lọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Yìnyín tó yára dì báyìí, wẹ́wẹ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀fọ́ léṣe. Èyí tó bá dì díẹ̀díẹ̀ máa ń tóbi, ó sì máa ń gún ara ẹ̀fọ́ lu látinú. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn bí ọ̀rá kan bá yọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí iná wá dé: omi tó ti jáde lára ẹ̀fọ́ á lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, fíríìsà á sì máa dì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Búlọ́ọ̀kù tí mo fi ọmọ odó fọ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Birdseye, ló sọ ọ̀nà yìí di òwò ńlá. Ó ti gbé ní Labrador ní Kánádà, ó sì rí i níbẹ̀ pé ẹja tí àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, bá pa máa ń gan lójú ẹsẹ̀ nínú atẹ́gùn òtútù, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yọ́ ọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí ẹja tútù ló ń rí lẹ́nu. Oṣù kẹta ọdún 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Píìsì àti sípínáṣì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà.

Bí díẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ra tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó sì tú, kò séwu. Sípínáṣì àti ewédú lílọ̀ kò sì ní dún, nítorí bí òkúta pẹlẹbẹ tàbí bọ́ọ̀lù kékeré ni wọ́n ṣe ń dì í láti ilé iṣẹ́. Tiwọn yàtọ̀: ẹ wo ìgun wọn. Èyí tí kò yọ́ rí á ní etí tó gún régé. Èyí tó ti yọ́ á ti ṣàn lọ sí apá kan ọ̀rá, ibẹ̀ ló sì máa dì sí, á wá rí jákujàku.

Yìnyín inú ọ̀rá àti àwọ̀ ẹ̀fọ́

Ìrì funfun fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtíkè lára ẹ̀fọ́, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí yìnyín tó tó hóró ṣúgà onígun, ọ̀rá náà ti yọ́ rí tàbí ó ti pẹ́ jù, ẹ sì ń fi owó ẹ̀fọ́ ra omi.

Bí ojú ọ̀rá bá mọ́ gaara, ẹ wo inú rẹ̀. Gíríìn píìsì yẹ kó tutù yọ̀yọ̀. Bó bá ti ń pọ́n, ó gbó kí wọ́n tó ká a, á sì le lẹ́nu. Bí ẹ bá rí àpá funfun tó gbẹ lára gíríìn bíìnsì tàbí káróòtì, òtútù ti jó o. Kò ní pa yín, ṣùgbọ́n kò ní adùn kankan mọ́. Bùrókólì ni kí ẹ ṣọ́ jù: àwọn ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú máa ń kún fún igi rẹ̀, òdòdó rẹ̀ ò tó nǹkan. Bákan náà ni mixed vegetable tí káróòtì gba ìdajì rẹ̀, torí káróòtì ló wọ́n kéré jù níbẹ̀.

Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Níbi tí wọ́n kọ àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, orúkọ ẹ̀fọ́ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Iyọ̀, ṣúgà, bọ́tà, ọbẹ̀ wàràkàṣì, ẹ lè fi tiyín sí i nílé pẹ̀lú owó tó kéré sí i. Ẹ wo déètì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà. Kí ẹ sì fi ìwọ̀n ṣírò owó, kì í ṣe títóbi ọ̀rá: ká ní ọ̀rá 400 gíráàmù jẹ́ ₦2,000, ti kílò kan sì jẹ́ ₦4,500, kílò kan nínú èyí kékeré ti di ₦5,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí fíríìsà yín nílé kò bá rí iná tó, kékeré ni kí ẹ rà. Èyí tó yọ́ nù kì í wọ́n kéré.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Tiyín ni mo máa ń jowú. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀fọ́ rírò, sípínáṣì oníewé odindi ni kí ẹ mú, ẹ fi èyí tí wọ́n ti gé kúnná sílẹ̀, torí ọbẹ̀ á dà bí ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú asẹ́, kí ẹ fún un. Nígbà tí ẹ bá rò pé omi ti tán, ẹ tún un fún. Ọwọ́ kan sípínáṣì á ṣẹ́kù bí ẹyin adìyẹ. Ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn kó tó bọ́ sínú ata.

Bó bá jẹ́ ilá, èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ ló rọrùn jù. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ka ọ̀rá náà dáadáa, nítorí wọ́n máa ń ta ilá tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun wé fún díndín, ó sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilá gidi. Ẹni tó bá da ìyẹn sínú omi gbígbóná á rí nǹkan. Níbẹ̀ náà, bí ẹ bá rí U.S. Grade A lára ọ̀rá, ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó wà ní ipò kìíní, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń yàn bóyá òun fẹ́ àyẹ̀wò náà, torí náà àìsí rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò dáa.

Ewédú ńkọ́? Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Lárúbáwá, kí ẹ wá molokhia. Ewédú wa ni, irúgbìn kan náà. Wọ́n ti gé e kúnná, ìjábẹ̀ lè sinmi. Omi díẹ̀, irú díẹ̀, bó bá ti hó ẹ jù ú sí i bó ṣe dì yẹn, ẹ má dé e.

Bí ẹ bá délé

Inú fíríìsà tààrà. Bó bá yọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà ṣùgbọ́n tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ lè dá a padà. Adùn rẹ̀ á dín díẹ̀. Èyí tó bá ti yọ́ tán, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Fún fúráìdì ráìsì, ẹ má yọ́ ọ rárá: látinú ọ̀rá bọ́ sínú epo gbígbóná, nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti jinná.

Ẹ má sì jẹ ẹ́ ní tútù. Ní 2018, àwọn elétò ìlera ní Yúróòpù tọpasẹ̀ àìsàn kan dé ìdí àgbàdo dídì: ènìyàn 47 ló kó o ní orílẹ̀-èdè márùn-ún láti 2015, 9 sì kú. Listeria ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Òtútù kì í pa á, iná ló ń pa á. Mo ń sọ èyí nítorí sàlàdì wa. Àgbàdo inú agolo tí a máa ń dà sí i, wọ́n ti sè é tẹ́lẹ̀. Ti inú fíríìsà, bíbọ̀ ni wọ́n kàn bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ká tó wá sọ ọ̀rọ̀ mayonéèsì.